Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ètò CRISPR Ọlọ́pọ̀ Purotéènì àti Bí a Ṣe Ń Lò Ó fún Àtúnṣe Jínóòmù

Iṣẹ́: Báyọ́lọ́jì
Kíláàsì: SS3 àti àwọn tó ń múra láti wọ yunifásítì, Ìjù, Ìpínlẹ̀ Oǹdó
Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì, DNA, RNA àti purotéènì jẹ́.

Èròǹgbà: Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (a) sọ ìtumọ̀ ètò CRISPR ọlọ́pọ̀ purotéènì, (b) pín in sí ìsọ̀rí, (d) ṣàlàyé bí Cascade àti Cas3 ṣe ń ṣiṣẹ́, (e) sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ní láti túnṣe kí ó tó lè ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ọ̀gbìn, (ẹ) dárúkọ ìwúlò àti ìṣòro rẹ̀.

ÌTUMỌ̀

1. Jínóòmù ni àpapọ̀ gbogbo DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá kan. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, G àti C. Lẹ́tà tó wà nínú jínóòmù ènìyàn ju bílíọ̀nù mẹ́ta lọ díẹ̀. Jíìnì ni ìpín DNA tó gbé àṣẹ bí a ṣe ń ṣe purotéènì kan.

2. Àtúnṣe jínóòmù ni yíyí lẹ́tà DNA padà, yíyọ lára rẹ̀ kúrò, tàbí fífi òmíràn kún un, ní ojú ibi tí a ti yàn ṣáájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi "ojú ibi tí a ti yàn ṣáájú" sílẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀. Ìtànṣán àti kẹ́míkà náà lè yí lẹ́tà DNA padà, ṣùgbọ́n ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń bà, nítorí náà a kò ka iṣẹ́ wọn sí àtúnṣe jínóòmù.

3. CRISPR ni ètò tí bakitéríà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà tó bá la ìkọlù já máa ń gé ègé kékeré lára DNA fáírọ́ọ̀sì náà, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú DNA tirẹ̀ láàárín àwọn ìlà tó jọra. Bí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ bá padà wá, ègé yẹn ni yóò fi dá a mọ̀.

4. Purotéènì Cas ni àwọn purotéènì tí jíìnì wọn wà nítòsí àwọn ìlà CRISPR tí wọ́n sì ń bá a ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé Cas (Cas3, Cas7, Cas9) jẹ́ orúkọ lásán. Kò túmọ̀ sí pé Cas3 máa ń ṣiṣẹ́ ṣáájú Cas7. Ní tòótọ́, ẹ̀yìn Cas7 ni Cas3 ń dé.

5. RNA afọ̀nàhàn ni RNA kúkúrú tí wọ́n ṣe láti ara ègé tí bakitéríà tọ́jú. Òun ló ń mú purotéènì Cas lọ sí ojú DNA tó bá a mu.

6. Ètò CRISPR ọlọ́pọ̀ purotéènì ni èyí tí purotéènì púpọ̀ ti ní láti kóra jọ yí RNA afọ̀nàhàn kan ká kí wọ́n tó lè rí DNA tí wọ́n ń wá kí wọ́n sì gé e. Cas9, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, kò sí lára wọn: òun nìkan ló ń wá, òun nìkan ló ń gé. Cas9 dà bí àgbẹ̀ tó dá lọ kórè kòkó rẹ̀. Ètò ọlọ́pọ̀ purotéènì dà bí ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹni tó ń já èso, ẹni tó ń ṣà á jọ àti ẹni tó ń fọ́ ọ ti yàtọ̀ síra, tí iṣẹ́ kò sì ní lọ bí ẹnì kan nínú wọn kò bá wá.

7. Sẹ́ẹ̀lì onínúkílíọ́sì ni sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ wà nínú àpò tó dá dúró láàárín rẹ̀. Núkílíọ́sì ni orúkọ àpò náà. Ènìyàn, ewúrẹ́, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo àti ìwúkàrà ní irú sẹ́ẹ̀lì yìí. Bakitéríà kò ní núkílíọ́sì.

ÌTÀN NÍ ṢÓKÍ

1. Ní ọdún 1987, Yoshizumi Ishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka, lórílẹ̀-èdè Japan, rí àwọn ìlà DNA tó jọra nínú bakitéríà E. coli. Wọn kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà náà.

2. Ní 2007, Rodolphe Barrangou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, pẹ̀lú bakitéríà tí wọ́n fi ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì, pé CRISPR ń dáàbò bo bakitéríà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì.

3. Ní 2008, Stan Brouns, John van der Oost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi E. coli ṣàlàyé bí àkójọ purotéènì kan tí wọ́n sọ ní Cascade ṣe ń lo RNA afọ̀nàhàn. Ọlọ́pọ̀ purotéènì ni Cascade.

4. Ní 2012, Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi hàn pé Cas9 lè gé DNA níbi tí a bá rán an sí. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, a ti ń lo Cas9 nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn.

5. Ọdún 2019 ni ìròyìn jáde láti oríṣiríṣi yàrá ìwádìí, láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, pé Cascade náà ti ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àwọn ọdún yìí wéra. A mọ iṣẹ́ Cascade ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ti Cas9, síbẹ̀ ó fi ọdún mẹ́fà kẹ́yìn Cas9 kí ó tó wọ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ohun tó fa ìdádúró yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

ÌSỌ̀RÍ

1. Ìpínsísọ̀rí tí Kira Makarova, Eugene Koonin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2020 ní Ẹgbẹ́ méjì, Oríṣìí mẹ́fà àti ẹ̀ka 33.

2. Nínú ìpínsísọ̀rí yìí, Ẹgbẹ́ Kìíní ni ọlọ́pọ̀ purotéènì. Oríṣìí I, III àti IV ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Kejì ni oní-purotéènì-kan: Oríṣìí II, V àti VI. Cas9 jẹ́ Oríṣìí II. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣi èyí ṣe: wọ́n á kọ pé Oríṣìí I, II àti III ló wà nínú Ẹgbẹ́ Kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀.

3. Ẹgbẹ́ Kìíní ló pọ̀ jù lọ láàárín bakitéríà. Èyí tí ènìyàn ń lò jù kọ́ ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀dá.

4. Oríṣìí I ń gé DNA. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni purotéènì Cas3. Ẹ̀ka I-E, I-C àti I-D ni a ó mẹ́nu bà.

5. Oríṣìí III ń gé RNA ní pàtàkì. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni Cas10. Àkójọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Csm ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

6. Oríṣìí IV kò tíì ní ìlò tó gbilẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì onínúkílíọ́sì. A kò ní dúró lórí rẹ̀.

7. CAST ni ètò tó da Cascade pọ̀ mọ́ DNA aṣíkiri. DNA aṣíkiri ni DNA tó lè kúrò ní ojú ibi kan nínú jínóòmù kó lọ jókòó síbòmíràn. Cas3 kò sí nínú èyí tí wọ́n ti lò jù. Kò sì gé DNA kó fi í sílẹ̀ ní gígé. Ó ń mú DNA tuntun wọlé ni.

BÍ CASCADE ÀTI CAS3 ṢE Ń ṢIṢẸ́

1. Ẹ̀ka I-E ti E. coli ni àpẹẹrẹ tí a ó lò. Purotéènì mọ́kànlá ló wà nínú Cascade rẹ̀: Cas8 kan, Cas11 méjì, Cas7 mẹ́fà, Cas5 kan àti Cas6 kan. RNA afọ̀nàhàn kan tó ní lẹ́tà 61 ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́tà 32 nínú 61 yìí ló ń wá DNA. Ti Cas9 sábà máa ń jẹ́ 20.

2. Cas6 ló ń gé RNA gígùn sí wẹ́wẹ́ kó lè di RNA afọ̀nàhàn. Lẹ́yìn tó bá gé e tán, kì í lọ. Orí RNA náà ló ń jókòó sí.

3. Cas7 mẹ́fà tò tẹ̀léra bí eegun ẹ̀yìn, wọ́n sì na RNA náà kalẹ̀. Cas5 di ìdí kejì mú.

4. Cas8 ló ń ka àmì PAM. Àmì PAM ni lẹ́tà díẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DNA tí à ń wá kí ètò CRISPR tó lè dá sí i. Ti Cascade I-E ni AAG. Ti Cas9 tó wọ́pọ̀ ni NGG, níbi tí N dúró fún lẹ́tà yòówù. Àmì yìí ni kì í jẹ́ kí bakitéríà gé DNA ara rẹ̀, nítorí ègé tó tọ́jú sínú ara rẹ̀ kò ní PAM lẹ́gbẹ̀ẹ́.

5. Bí PAM bá wà, okùn DNA méjèèjì á ṣí. RNA afọ̀nàhàn á so mọ́ ọ̀kan, okùn kejì á sì yọ síta. Cas11 ń ṣèrànwọ́ kí ṣíṣí náà má bàa padà dé.

6. Títí dé ibí yìí, a kò tíì gé ohunkóhun. Cascade kò ní eyín. Ìgbà tí okùn DNA bá ṣí dáadáa ni Cas8 máa ń pe Cas3 wá.

7. Cas3 ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń tú okùn DNA, ó sì ń gé e. Yóò kọ́kọ́ gé okùn tó yọ síta, lẹ́yìn náà yóò máa fa DNA náà wọlé, yóò sì máa gé e lọ ní apá kan ṣoṣo. Ó ń lo ATP, tí í ṣe agbára sẹ́ẹ̀lì.

8. Ìyàtọ̀ pàtàkì: Cas9 ń gé DNA lẹ́ẹ̀kan ní ojú kan, Cas3 ń jẹ ẹ́ lọ. Ohun tí Cas9 fi sílẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì yóò lẹ̀, tí lẹ́tà díẹ̀ sì lè sọnù níbẹ̀. Ohun tí Cas3 fi sílẹ̀ ni àyè tó ṣófo, tó lè gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà.

ÀTÚNKỌ́ RẸ̀ FÚN SẸ́Ẹ̀LÌ ONÍNÚKÍLÍỌ́SÌ

Àtúnkọ́ níhìn-ín ni gbogbo àyípadà tí a ń ṣe sí jíìnì, purotéènì àti RNA ètò CRISPR kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìdádúró ọdún mẹ́fà wà ní abẹ́ àkọlé yìí.

1. RNA ìránṣẹ́. RNA ìránṣẹ́ ni ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe purotéènì. Nínú bakitéríà, àwọn jíìnì Cascade tò tẹ̀léra wọn, RNA ìránṣẹ́ kan sì ń gbé àṣẹ gbogbo wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì onínúkílíọ́sì, RNA ìránṣẹ́ kan sábà máa ń bí purotéènì kan. Bí a bá da DNA bakitéríà náà kọ bó ṣe wà, tí a sì tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, àwọn purotéènì tó kù kò ní jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń yanjú èyí:
(a) fífún jíìnì kọ̀ọ̀kan ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlà DNA tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka jíìnì tó tẹ̀lé e;
(b) fífi ègé kékeré tí wọ́n ń pè ní 2A sáàárín jíìnì méjì, kí purotéènì wọn lè já kúrò lára ara wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ègé 2A máa ń fi ìrù kúkúrú sílẹ̀ lára purotéènì tó ṣáájú, ìrù yìí sì lè dí i lọ́wọ́ láti bá àwọn yòókù so pọ̀;
(d) kíkọ́ gbogbo àkójọ náà tán nínú bakitéríà, yíyọ ọ́ jáde, kí a tó fi í wọ inú sẹ́ẹ̀lì ní odindi. Àkójọ purotéènì àti RNA tó ti so pọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní RNP.

2. Kódọ́ọ̀nù. Kódọ́ọ̀nù ni ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún ẹyọ kan nínú purotéènì. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè dúró fún ẹyọ kan náà, èyí tí bakitéríà sì yàn láàyò kọ́ ni ènìyàn yàn. Wọ́n ní láti tún gbogbo jíìnì náà kọ ní kódọ́ọ̀nù tí sẹ́ẹ̀lì tuntun fẹ́ràn, láìyí purotéènì padà.

3. Ìwọlé sínú núkílíọ́sì. Purotéènì bakitéríà kò mọ̀ pé núkílíọ́sì wà. Wọ́n ń so ègé kúkúrú kan mọ́ ọn tí í ṣe àmì ìwọlé, kí sẹ́ẹ̀lì lè jẹ́ kó kọjá. Fún Cas9, purotéènì kan ni a ń so ó mọ́. Fún Cascade àti Cas3, a ní láti ronú nípa purotéènì mẹ́fà: orí tàbí ìdí èwo ni kí a so ó mọ́ tí kò ní ba ojú ibi tí purotéènì náà ti ń so mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́?

4. Ìwọ̀n. Cas7 mẹ́fà ni Cascade kan nílò, àmọ́ Cas8 kan péré. Bí Cas7 bá dín, àkójọ náà kò ní pé. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ ni yóò ṣètò èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ló ní láti díwọ̀n bí jíìnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ sókè tó.

5. Purotéènì tó fara pamọ́. Ẹ̀ka I-C kéré, ó sì dà bí ẹni pé purotéènì mẹ́ta péré ló wà nínú Cascade rẹ̀: Cas5, Cas7 àti Cas8. Ṣùgbọ́n Cas11 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò kàn rí jíìnì tó dá dúró fún un. Àárín jíìnì Cas8 gan-an ni ríbósóòmù bakitéríà, tó ń ka RNA ìránṣẹ́, ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà lẹ́ẹ̀kejì láti fi ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò mọ irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí, nítorí náà Cas11 kò jáde. Ní 2022, Yan Zhang, Ailong Ke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn pé bí a bá fún Cas11 ní jíìnì tirẹ̀, ẹ̀ka I-C ti bakitéríà Neisseria lactamica á ṣiṣẹ́ dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, èyí ló fi ìṣòro àtúnkọ́ hàn kedere jù, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀.

6. RNA afọ̀nàhàn. Tomoji Mashimo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka rí i ní 2019 pé RNA tí a kò tíì gé, tí ìlà CRISPR tó jọra ṣì wà ní òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣiṣẹ́ ju èyí tí a ti gé sílẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe láti lóye ìdí rẹ̀: Cas6 tó bá gé e ló tún gbọ́dọ̀ jókòó lé e.

7. Olùrànlọ́wọ́ láti òde. Fún CAST, purotéènì bakitéríà kan tó ń jẹ́ ClpX, tí kì í ṣe Cas rárá, ni wọ́n ní láti fi kún un kí iṣẹ́ tó lè lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú àwọn purotéènì ká lẹ́yìn tí DNA tuntun bá ti wọlé.

8. Pípààrọ̀ eyín. Nítorí pé Cascade fúnra rẹ̀ kì í gé, a lè yan ohun tí a fẹ́ so mọ́ ọn:
(a) Cas3, fún píparẹ́ DNA gígùn;
(b) FokI, ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ pé bí kò bá pé méjì kì í gé. Ilé iṣẹ́ Caribou Biosciences lo èyí ní 2019. Cascade méjì ni yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, RNA afọ̀nàhàn méjì olóríṣìí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń lò, èyí tó dín àṣìṣe kù. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, àtúnṣe tí wọ́n rí dé nǹkan bíi 50 nínú 100;
(d) purotéènì tó ń jí jíìnì dìde tàbí tó ń pa á lẹ́nu mọ́, láìgé DNA. Charles Gersbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ṣe èyí nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní 2019.

ÌWÚLÒ

1. Píparẹ́ DNA gígùn pẹ̀lú RNA afọ̀nàhàn kan. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell àti Yunifásítì Michigan fi RNP láti inú bakitéríà Thermobifida fusca sínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Àtúnṣe wáyé nínú sẹ́ẹ̀lì 13 sí 60 nínú 100, DNA tó sì pòórá wà láti ọgọ́rùn-ún lẹ́tà mélòó kan títí dé 100,000. Èyí wúlò fún mímọ iṣẹ́ àwọn apá jínóòmù tí kì í ṣe jíìnì: a pa apá kan rẹ́, a sì wo ohun tó bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Osaka lo Cas3 láti tún jíìnì DMD ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára aláìsàn tí iṣan ara rẹ̀ ń rọ.

2. Mímú DNA tuntun wọlé láìgé okùn méjèèjì ní àgéjá. Samuel Sternberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ròyìn ní 2023 pé CAST ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, àmọ́ nínú nǹkan bíi 1 nínú 100. Ní 2025, àwọn àti ẹgbẹ́ David Liu gbé evoCAST jáde, èyí tí wọ́n mú kí purotéènì rẹ̀ máa yí padà léraléra nínú yàrá ìwádìí títí tó fi já fáfá. Ó dé 10 sí 30 nínú 100.

3. Pípa RNA run. Doudna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo Csm ní 2023, RNA tí wọ́n dojú kọ sì dín kù ní 90 sí 99 nínú 100. Kí a kíyè sí i pé DNA kò yí padà níhìn-ín. Bí a bá tẹ̀lé ìtumọ̀ wa, èyí kì í ṣe àtúnṣe jínóòmù.

4. Ọ̀gbìn. Ní 2019, wọ́n fi Cascade jí jíìnì tó ń fún àgbàdo láwọ̀ dìde. Ní 2020, Keishi Osakabe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi ẹ̀ka I-D ṣe àtúnṣe jínóòmù tòmátì, DNA tó pòórá sì tó 7,200 lẹ́tà nínú èyí tó gùn jù.

ÀTÚNṢE JÍNÓÒMÙ TÓ KAN AGBÈGBÈ WA

Àpẹẹrẹ mẹ́ta tó wà lábẹ́ àkọlé yìí lo Cas9. Kò sí èyí tó lo ètò ọlọ́pọ̀ purotéènì. A kọ wọ́n síhìn-ín nítorí pé àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ Ìjù àti Àkúrẹ́ lè tètè fi ojú inú rí, a sì fi ohun tí ètò ọlọ́pọ̀ purotéènì fi yàtọ̀ sí wọn hàn.

1. Kòkó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní Nàìjíríà. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi ń jẹ wá lówó nígbà òjò; Phytophthora megakarya ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa. Ní 2018, Mark Guiltinan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State fi Cas9 ba jíìnì TcNPR3 jẹ́ nínú ewé kòkó. TcNPR3 ló ń dá ààbò ara igi náà dúró, nítorí náà ewé tí wọ́n ṣe é fún gbógun ti irú Phytophthora mìíràn, P. tropicalis, dáadáa ju ewé tí a kò ṣàtúnṣe lọ. Ewé ni wọ́n ṣe é sí, kì í ṣe igi tó ń so nínú oko.

2. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn láti 1967, ní yàrá ìwádìí ní Nairobi. Níbẹ̀ ni Leena Tripathi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàtúnṣe irú àgbagbà kan tó ń jẹ́ Gonja Manjaya. DNA fáírọ́ọ̀sì kan ti wọ inú jínóòmù àgbagbà náà, ó sì ń jí dìde nígbà tí ìyà bá ń jẹ igi. Ní 2019, wọ́n ròyìn pé Cas9 ti ba DNA yìí jẹ́, 75 nínú 100 igi tí wọ́n ṣàtúnṣe kò sì fi àmì àrùn hàn nígbà tí a fi àìtó omi pọ́n wọn lójú. Cas9 da ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì náà rú ni. Kò yọ ọ́ kúrò. Yíyọ odindi irú DNA gígùn bẹ́ẹ̀ ni irú iṣẹ́ tí Cas3 wà fún.

3. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lẹ́tà kan ṣoṣo, A tó di T, nínú jíìnì hemoglóbínì ló ń fa àrùn yìí. Oògùn Casgevy, tí ìjọba Britain fọwọ́ sí ní November 2023 tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní December ọdún kan náà, ń lo Cas9. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ pé Casgevy ń dá T padà sí A. Àṣìṣe ni. Jíìnì BCL11A ni ó ń pa lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun, kí hemoglóbínì tí ọmọ ń lò nínú oyún lè padà máa jáde. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún aláìsàn kan.

4. Òfin. Òfin tó dá àjọ NBMA (National Biosafety Management Agency) ti Nàìjíríà sílẹ̀ jáde ní 2015. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2019 fi àtúnṣe jínóòmù sábẹ́ àbójútó àjọ náà, àjọ náà sì gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 2020. Ìlànà náà ya ọ̀gbìn tí a kò fi DNA àjèjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú lẹ́yìn SS3 lè wo yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, níbi tí ẹ̀ka bàotẹkinọ́lọ́jì wà, tàbí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) ní ìlú Oǹdó.

ÌṢÒRO

1. Ìtóbi. Fáírọ́ọ̀sì AAV, tí a fi ń gbé jíìnì wọ ara ènìyàn, kò lè gbà ju nǹkan bíi 4,700 lẹ́tà lọ. Jíìnì Cas9 nìkan ti tó 4,100. Bí a bá ka jíìnì Cascade I-E àti Cas3 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tó 7,000, láìtíì ka àmì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ka I-C fúyẹ́ jù ú lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń lépa rẹ̀.

2. Àìmọ òpin. A lè yan ibi tí Cas3 yóò ti bẹ̀rẹ̀. A kò lè yan ibi tí yóò dúró. Sẹ́ẹ̀lì méjì nínú abọ́ kan náà kì í pàdánù DNA tó gùn dọ́gba. Fún ìwádìí, èyí kò burú. Fún oògùn tí a ó fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

3. Àṣìgé. Àṣìgé ni gígé DNA níbi tí a kò rán purotéènì sí. RNA afọ̀nàhàn Cascade gùn ju ti Cas9 lọ, àmọ́ kì í ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú akitiyan kan náà. Nínú ẹ̀ka I-E, kì í ka lẹ́tà kẹfà-kẹfà, nítorí bí Cas7 ṣe tẹ̀ ẹ́ síta. Bí Cas3 bá sì ṣe àṣìgé, ohun tó máa sọnù ju ti Cas9 lọ.

4. Ara lè kọ̀ ọ́. Purotéènì bakitéríà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà tí ọmọ ogun ara fi lè dá wọn mọ̀ ṣe pọ̀ tó.

5. Iṣẹ́ àti owó. Yíyọ RNP onípurotéènì mọ́kànlá jáde kí ó mọ́ láìtú ká gba ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, àti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù tó dára.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

1. Kí ni àtúnṣe jínóòmù? Kí ló dé tí a kò fi ka ìtànṣán mọ́ ọn?
2. Pín àwọn wọ̀nyí sí Ẹgbẹ́ Kìíní àti Ẹgbẹ́ Kejì: Oríṣìí II, Oríṣìí III, Cas9, Csm, ẹ̀ka I-C.
3. Dárúkọ purotéènì inú Cascade I-E pẹ̀lú iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú wọn ló ń ka àmì PAM?
4. Ṣàlàyé ìdí tí Cas11 ẹ̀ka I-C fi ń jáde nínú bakitéríà, tí kì í jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i.
5. Kọ ìyàtọ̀ méjì láàárín ohun tí Cas9 àti Cas3 ń fi sílẹ̀ lára DNA.
6. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé Csm jẹ́ irinṣẹ́ àtúnṣe jínóòmù. Lo ìtumọ̀ inú àkọsílẹ̀ yìí láti dáhùn.
7. Wọ́n fẹ́ yọ odindi DNA fáírọ́ọ̀sì kan, tó gùn tó 7,000 lẹ́tà, kúrò nínú jínóòmù àgbagbà. Yan láàárín Cas9 kan, Cascade pẹ̀lú Cas3, àti CAST. Sọ ìdí tí o fi yan èyí tí o yàn, àti ìṣòro kan tí yóò bá a rìn.